Inú Sẹ́ẹ̀lì Kò Ṣófo

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin ọmọ iléèwé tí ẹ fi oorun àárọ̀ Sátidé sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ kú ọyẹ́, ẹ sì kú ìjókòó. Àwọn tó pè mí wá sí Kubwa ní àwọn fẹ́ kí àwọn ọmọ tí a bí sí Àbújá gbọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lédè baba wọn. Ọlọ́run yóò bá wa fún wọn lókun sí i. Ohun kan ṣoṣo ni mo mú wá: bí nǹkan ṣe ń rìn láti ibì kan dé ibòmíràn nínú sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè. Bí mo bá fi máa parí, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ ilé ọ̀pọ̀ nínú wa tipẹ́.

Ẹ ṣí ìwé báọ́lọ́jì àwọn ọmọ yín. Àwòrán sẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀: ìlà róbótó kan, ohun kan tó dúdú díẹ̀ láàárín, nǹkan kéékèèké mẹ́ta mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo ìyókù sì funfun báláú. Ibi funfun yẹn ni ìjà èmi àti àwọn tó ń yàwòrán náà. Ó ń jẹ́ kí ọmọ rò pé omi lásán ló wà níbẹ̀, àti pé ohunkóhun tó bá fẹ́ kọjá yóò kàn kọjá ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká mú Escherichia coli, bakitéríà tó ń gbé inú ìfun gbogbo wa. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi máíkírómítà méjì. Bí ẹ bá to 500 nínú wọn tẹ̀lé ara wọn, mìlímítà kan péré ni wọn yóò gbà. Síbẹ̀, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta pùròtéènì ló wà nínú ẹyọ kan ṣoṣo. Ní 1991, Steven Zimmerman àti Stefan Trach wọn bí inú rẹ̀ ṣe ki tó: ká ní a lè rí lítà kan nínú omi inú bakitéríà yìí, pùròtéènì àti RNA (mólékù tó ń lọ́wọ́ nínú ṣíṣe pùròtéènì) inú lítà náà yóò tó 300 sí 400 gíráàmù. Ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo àyè, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni àwọn mólékù ńláńlá wọ̀nyí ti gbà. Omi wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú àlàfo tóóró tó wà láàárín wọn ló wà.

Kí ni ó wá ń gbé nǹkan rìn níbẹ̀? Ooru ni. Nínú ara tó wà ní ìwọ̀n ooru 37, kò sí mólékù kan tó dúró jẹ́ẹ́. Mólékù omi ń sáré, wọ́n ń kọ lu ara wọn, wọ́n sì ń kọ lu ohun gbogbo tó wà láàárín wọn, láti apá ọ̀tún, láti apá òsì, láti òkè àti ìsàlẹ̀. Ohun tí wọ́n ń lù á máa ta síhìn-ín ta sọ́hùn-ún, láìsí ibi kan pàtó tó ń lọ.

Robert Brown, ará Scotland tó mọ̀ nípa ewéko, ló kọ́kọ́ fara balẹ̀ wo ìrìn yìí dáadáa, ní 1827. Ó fi awò wo àwọn nǹkan wínníwínní tó ń jáde láti inú àtíkè òdòdó kan, ó rí i pé wọn kì í sinmi. Ó kọ́kọ́ rò pé ẹ̀mí ló wà nínú wọn. Ó wá lọ gíláàsì, ó lọ oríṣiríṣi òkúta, kódà ó lọ èérún òkúta kan tó wá láti ara Sphinx ilẹ̀ Íjíbítì, ó dà wọ́n sínú omi, gbogbo wọn ló ń ta. Òkúta kò ní ẹ̀mí. Ó di 1905 kí Albert Einstein tó ṣe ìṣirò tó fi hàn pé mólékù omi ló ń tì wọ́n. Marian Smoluchowski ará Pólándì sì gba ọ̀nà tirẹ̀ dé ibẹ̀ ní 1906. Jean Perrin ní Paris fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn ìrìn náà, ó bá ìṣirò mu, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1926. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé ńlá ṣì wà tí wọn kò gbà pé átọ́ọ̀mù wà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin olùkọ́, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Lásìkò ọyẹ́ báyìí, tí oòrùn bá gba ojú fèrèsé wọlé, ẹ ó rí eruku tó ń fò nínú ìmọ́lẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ yín ló sì máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé ìrìn tí Brown rí nìyẹn. Ẹ má sọ ọ́ mọ́. Eruku yẹn tóbi jù. Afẹ́fẹ́ inú yàrá ló ń gbé e kiri. Ẹ wá wo èyí tó wà lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ mi yìí. Mílíìkì olómi inú agolo ni: ẹ̀kán kan nínú ife omi kan, mo wá mú ẹ̀kán kan nínú àdàlù náà sórí gíláàsì, mo sì fi gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Máíkírósíkóòpù náà ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 400. Ẹ ó rí ọ̀rá róbóróbó kéékèèké. Èyí tó tóbi díẹ̀ ń gbọ̀n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójú kan, èyí tó kéré jù ń ta gan-an débi pé ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè tẹ̀ lé e. Ẹ mú ẹyọ kan, kí ẹ máa wò ó títí tí ojú yín á fi rẹ̀. Kò ní dúró. Bí ẹ bá wá padà wò ó lálẹ́, yóò ṣì máa ta bẹ́ẹ̀, tí omi ibẹ̀ kò bá tíì gbẹ.

Irú ìrìn yìí ní òfin kan tó le. Ẹni tó mọ ibi tó ń lọ, bí ọ̀nà rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, àkókò rẹ̀ á di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ta síhìn-ín sọ́hùn-ún, bí ọ̀nà rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, àkókò rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ọ̀nà bá di ìlọ́po mẹ́wàá, àkókò á di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ pọ̀ fún pùròtéènì kan. Láti rin máíkírómítà kan, ohun tó ń gbà á kò ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan. Fún máíkírómítà 10, tí í ṣe nǹkan bí ìbú sẹ́ẹ̀lì ara wa, ìṣẹ́jú àáyá méjì. Fún mìlímítà kan, ó lé ní wákàtí mẹ́rin. Fún mítà kan, ó lé ní 500 ọdún.

Ẹ tún ìyẹn gbọ́: 500 ọdún. Iṣan ìmọ̀lára kan wà lára gbogbo wa tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ìdí tó sì lọ dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló na ọwọ́ bẹ́ẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà kan lára àgbàlagbà. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe pùròtéènì rẹ̀ wà lókè. Bó bá jẹ́ pé ìrìn gbéregbère nìkan ló wà, ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìka ẹsẹ̀ nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ṣì dúró ì bá má tíì dé dòní. Ara ní ọ̀nà mìíràn fún ibi jíjìn. Ní 1985, Ron Vale, Thomas Reese àti Michael Sheetz ṣe àwárí kinesin, pùròtéènì kan tó ń gbé ẹrù lórí okùn tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, tó ń gbé ẹsẹ̀ ní nánómítà mẹ́jọ mẹ́jọ (ẹgbẹ̀rún nánómítà ló wà nínú máíkírómítà kan), tó sì ń ná agbára sórí gbogbo ìgbésẹ̀. Ẹrù tó yára jù lọ nínú iṣan lè rin 400 mìlímítà lóòjọ́. Ọjọ́ méjì ààbọ̀, ó dé ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ibi kékeré, ìrìn ọ̀fẹ́ tí ooru ń fúnni yìí náà ni ara ń lò, ọ̀kan pàtàkì sì nìyẹn nínú ìdí tí sẹ́ẹ̀lì fi kéré.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ ìfúnpọ̀. Gbogbo ẹni tó ti lọ ra nǹkan ní ọjà Wuse nígbà tí Kérésìmesì tàbí Iléyá bá ku ọ̀la mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọmọ ọdún márùn-ún á gba ẹ̀gbẹ́ ìtàn àwọn àgbà kọjá, kò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ọjà kún. Ìyá tó gbé àpò méjì á máa rìn díẹ̀díẹ̀, á máa bẹ èèyàn kó sún. Ọmọkùnrin tó ń ti bárò ìrẹsì á dúró, àfi bí àwọn èrò tó yí i ká bá ń yẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún kó tó rí àyè. Ọjà kan náà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìrìn kan náà.

Báyìí gẹ́lẹ́ ni wọ́n bá a nínú sẹ́ẹ̀lì. Pùròtéènì kan wà tó ń tan ìmọ́lẹ̀ ewé, tí Osamu Shimomura kọ́kọ́ yọ jáde lára ẹran inú òkun kan ní 1962. Ó wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2008 nítorí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ fi í sínú bakitéríà, wọ́n fi iná lésà pa ìmọ́lẹ̀ ojú ibì kan, wọ́n wá ń wo iye àkókò tí àwọn tó ṣì ń tàn láti apá kejì fi máa rìn wá dí ibẹ̀. Michael Elowitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe é ní 1999: nínú E. coli, pùròtéènì yìí ń fi nǹkan bí ìlọ́po mọ́kànlá falẹ̀ ju bó ṣe ń rìn nínú omi lásán lọ. Mólékù kéékèèké bíi ṣúgà kò falẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá tóbi ju ìyẹn ló ń rí ìyà.

Fún àwọn tó tóbi gan-an, òfin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan tiẹ̀ ń yẹ̀. Ní 2006, Ido Golding àti Edward Cox tẹ̀ lé RNA lọ́kọ̀ọ̀kan nínú bakitéríà tó wà láàyè. Nínú omi, tí àkókò bá di ìlọ́po méjì, iye tí a máa rí tí a bá fi ọ̀nà náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ á di ìlọ́po 2. Tiwọn kò ju ìlọ́po 1.6 lọ. Bí àkókò ṣe ń gùn tó, bẹ́ẹ̀ ni ìrìn náà ń falẹ̀ sí i, torí ohun tó wà níwájú kò kúrò lọ́nà. Ní 2014 ni iṣẹ́ kan wá jáde láti yàrá ìwádìí Christine Jacobs-Wagner ní Yale, èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Wọ́n rí i pé nígbà tí bakitéríà bá dákẹ́ iṣẹ́, tí kò jẹun, tí kò ná agbára, àwọn nǹkan ńláńlá inú rẹ̀ á há sójú kan, wọn kò ní lè kúrò níbẹ̀, nígbà tí àwọn kéékèèké ń kọjá lọ láìbìkítà. Tí iṣẹ́ bá tún bẹ̀rẹ̀, ohun gbogbo á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ fún ara wọn, bárò náà á sì rí ọ̀nà. Iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí inú rẹ̀ dì.

Ìfúnpọ̀ tún ń ṣe ohun kejì, èyí ló sì gbé mi wá síbí. Kì í ṣe pé ó ń dín ìrìn kù nìkan, ó tún ń ti àwọn tó bá fẹ́ lẹ̀ mọ́ ara wọn pé kí wọ́n lẹ̀. Níbi tí àyè ti wọ́n, tí mólékù méjì bá so pọ̀, àyè tí wọ́n gbà á dín kù, àwọn ìyókù á rí ibi mí. Allen Minton ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó fi ìṣirò gbé e kalẹ̀ láti àwọn ọdún 1970, hẹmogílóbìnì sì ni òun àti Philip Ross fi ṣe àpẹẹrẹ.

Hẹmogílóbìnì ni pùròtéènì tó ń gbé ọ́síjìn nínú sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀ wa. Kò sí ibi tó fún pọ̀ tó bẹ́ẹ̀: nǹkan bíi 340 gíráàmù nínú lítà kan, ó lé ní mílíọ̀nù 200 mólékù nínú ẹyọ sẹ́ẹ̀lì kan. Fún ẹni tó jẹ́ AA, kò sí wàhálà. Wọ́n fún pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í lẹ̀ mọ́ra. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé hẹmogílóbìnì àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde yàtọ̀, nítorí pé ó rìn lọ́nà mìíràn nígbà tí wọ́n fi iná mànàmáná fà á. Vernon Ingram wá rí ìyàtọ̀ náà láàárín 1956 sí 1957: nínú ọ̀wọ́ amino acid 146 (àwọn ègé tí a to pọ̀ di pùròtéènì), ẹyọ kan ló yí padà, ìkẹfà. Ẹyọ kan yẹn ló sọ ẹ̀gbẹ́ mólékù náà di ohun tó lè lẹ̀ mọ́ èkejì nígbà tó bá ti já ọ́síjìn sílẹ̀. Wọ́n á so pọ̀ di okùn gígùn, okùn á na sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì á ká kò, á le, á dí òpó ẹ̀jẹ̀ tóóró. Ìrora tó máa ń mú ọmọ ké lóru nìyẹn.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ìfúnpọ̀ ti wọ̀ ọ́. Hẹmogílóbìnì S, ìyẹn èyí tí ẹyọ rẹ̀ kan ti yí padà yẹn, tó ti já ọ́síjìn sílẹ̀ lè wà nínú omi ara láìlẹ̀ mọ́ra tí kò bá ju nǹkan bíi 170 gíráàmù nínú lítà kan lọ. Ohun tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì jẹ́ ìlọ́po méjì ìyẹn. Síbẹ̀, okùn náà kì í hù lójijì; ó máa ń gba àkókò díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì pupa kan kì í sì í pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ nínú òpó ẹ̀jẹ̀ tóóró kó tó padà lọ gba ọ́síjìn mìíràn ní ẹ̀dọ̀fóró. Tó bá padà débẹ̀ kí okùn tó hù, ewu ti fò ó dá. William Eaton àti James Hofrichter ló wọn àkókò yìí, ohun tí wọ́n rí sì ń bà mí lẹ́rù títí dòní: bí ìki hẹmogílóbìnì bá fi ìdá 5 péré nínú 100 lé sí i, àkókò náà lè bọ́ sí ìdajì tàbí kó kéré jù bẹ́ẹ̀.

Ìdá 5 nínú 100! Omi díẹ̀ tó bá jáde lára sẹ́ẹ̀lì ti tó láti ṣe é. Kíndìnrín ọmọ tó jẹ́ SS kì í sì í lè há omi mọ́ra dáadáa, ó ń tọ omi dànù ju tiwa lọ. Ẹ fi ọyẹ́ Àbújá kún un, tí ètè ń bẹ́, tí aṣọ ń gbẹ kí a tó sá a tán, tí òtútù òwúrọ̀ ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ sì ń falẹ̀ nínú rẹ̀. Dókítà tó ń sọ fún yín pé kí ọmọ náà máa mu omi, kó sì wọ aṣọ tó nípọn, ìrìn mólékù nínú sẹ́ẹ̀lì ló ń bá wí. Ó lé ní 100,000 ọmọ tí a ń bí pẹ̀lú àrùn yìí ní Nàìjíríà lọ́dọọdún, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin wa ló sì jẹ́ AS. Mi ò lè sọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì níwájú àwọn èèyàn mi kí n má mẹ́nu bà á.

Àwọn òògùn náà ń bá ìki yìí jà. Ọmọ tuntun tó jẹ́ SS kì í sábà ṣàìsàn ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, torí hẹmogílóbìnì tó gbé wá láti inú oyún, èyí tí wọ́n ń pè ní F, kì í jẹ́ kí okùn náà hù. Hydroxyurea ń jẹ́ kí ara tún ṣe F sí i, ó sì ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì pupa tóbi, kí S inú rẹ̀ má ki mọ́ tó ti tẹ́lẹ̀. Níbí ní apá Àríwá, ní Kánò àti Kàdúná, àwọn dókítà ṣe ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2022: wọ́n fi mílígíráàmù 10 àti 20 fún kílò kọ̀ọ̀kan wé ara wọn lóòjọ́ láàárín àwọn ọmọ tí àrùn rọpárọsẹ̀ lè tètè mú. Ní ti rọpárọsẹ̀ nìkan, ìwọ̀n méjèèjì kò ní ìyàtọ̀ gidi. Èyí tó kéré kò wọ́n tó èyí tó pọ̀, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun kékeré fún òbí tó ń fi owó ara rẹ̀ ra òògùn.

Kòkòrò ibà náà mọ ọ̀rọ̀ ìfúnpọ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì pupa tó bá wọ̀, ó máa ń jẹ hẹmogílóbìnì ju èyí tó nílò fún oúnjẹ lọ dáadáa. Virgilio Lew ní Cambridge àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dábàá ní 2003 pé àyè ló ń wá: bí kò bá dín ìki inú ilé náà kù, omi á wọlé bí òun ṣe ń dàgbà, ilé á sì bẹ́ kí wákàtí 48 rẹ̀ tó pé.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, ìyá kan dìde, ó béèrè pé ṣé tí òun bá ń fún ọmọ òun lómi dáadáa, ó lè fi òògùn sílẹ̀. Mo ní rárá o, ẹ̀yin ìyá mi. Omi ń dín ewu kù ni, kò lè yí ẹyọ amino acid yẹn padà. Ẹ má dá òògùn dúró, ẹ má sì dá hydroxyurea lò láìsí dókítà, torí wọ́n ní láti máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò lóòrèkóòrè.

Olùkọ́ kan láti Gwagwalada béèrè ohun tí iléèwé tí kò ní máíkírósíkóòpù lè ṣe. Mo ní: ẹ se agar, ìyẹ̀fun tó máa ń dì bí ẹ̀kọ tí a bá sè é, ẹ dà á sínú àwo pẹlẹbẹ, ẹ jẹ́ kó dì. Ẹ fi ẹnu bírò tó ti ṣófo lu ihò kékeré kan sí àárín rẹ̀, kí ẹ sì kán omi potassium permanganate, kẹ́míkà aláwọ̀ àlùkò, sí i. Owó kékeré ni wọ́n ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, ṣùgbọ́n kí ọmọ má fi ọwọ́ kàn án. Ẹ fi rúlà wọn ibi tí àwọ̀ náà tàn dé láti etí ihò lẹ́yìn wákàtí kan. Ẹ má wọn ọ́n ní wákàtí kejì, ẹ dúró di ìkẹrin. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ iye tí wọ́n rò pé yóò jẹ́ sílẹ̀ kí ẹ tó tún wọn ọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò kọ ìlọ́po mẹ́rin. Nǹkan bí ìlọ́po méjì ni wọn yóò bá níbẹ̀.